Ọwọ́ Òsì Àlhájà Uswat: Ìhágún Olúfúnṣọ́ Ọláwọlé, Ayàwòrán Àpò Rẹ́kọ́ọ̀dù

Èmi, Samuel Olúfúnṣọ́ Àlàó Ọláwọlé, ọmọ bíbí ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ń gbé ní ojúlé kẹrìnlá, Òpópónà Alágbẹ̀dẹ, Orílé Agége, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ni mo ń sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run àti níwájú Agbẹjọ́rò Jimoh tó ń bá mi tò ó, pé orí mi pé, ojú mi ríran, kò sì sí ẹni tó fi ọtí tàbí ẹkún yí mi lọ́kàn padà. Ìwé yìí ni ìhágún mi. Bí mo bá ti kọ òmíràn ṣáájú rẹ̀, kí ẹ ya á. Mi ò kọ òmíràn rí, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí i.

Dókítà ló ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Mo bi í pé ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru ní Nàìjíríà lọ́dún 1997 yìí. Kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré, mo sì tètè wá ọ̀nà dé ọ́fíìsì agbẹjọ́rò.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ya àpò rẹ́kọ́ọ̀dù ní Ìkẹjà. Olórin ló ń kọrin, èmi ni mò ń rán aṣọ fún orin náà. Jùjú, wákà, fújì, orin ìjọ, àpàlà, gbogbo wọn ló gba ọwọ́ mi kọjá. Irinwó àpò lé méjìlá ni mo kà tí ó jẹ́ iṣẹ́ mi. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ ní báyìí. Orúkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ní igun ìsàlẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kò ju èèrà lọ.

Àwọn tí mo yàn láti mú ìhágún yìí ṣẹ ni ìyàwó mi, Bísí Ọláwọlé, àti àkọ́bí mi, Olúṣínà. Olúṣínà mọ ìṣirò. Bísí mọ̀ mí.

ÌKÍNNÍ. Ìsìnkú mi. Kí ẹ sin mí ní ìlànà ìjọ wa, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Kí ẹ má ṣe ra pósí olówó gọbọi. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pósítà ìsìnkú. Mo ti rí pósítà òkú lára gbogbo ògiri Agége, ojú mi sì ti rí màbo. Kí ẹ má ṣe kó oríṣi lẹ́tà márùn-ún jọ sórí bébà kan, oríṣi kan ti tó. Kí ẹ má ṣe fi òdòdó yí orí mi ká bí ẹni tó kú sínú ọgbà. Kí ẹ sì fi àyè funfun díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí òkú náà lè mí.

ÌKEJÌ. Ilé mi ní Orílé Agége, yàrá mẹ́rin pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù iwájú, mo há a fún ìyàwó mi Bísí. Kí ó máa gbé inú rẹ̀, kí ó sì máa gba owó ṣọ́ọ̀bù náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ó di ti Olúṣínà àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí, ní ọgbọọgba.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí ilé yìí. Nígbà tí a kọ́ ọ tán lọ́dún 1979, Bísí ní kí a kùn ún ní àwọ̀ mílíìkì. Mo sọ fún un pé èmi ni mo mọ̀ nípa àwọ̀, mo sì kùn ún ní búlúù. Ọdún méjìdínlógún nìyí tí ó ti ń sọ ọ́ pé àgọ́ ọlọ́pàá ni mo fi òun sí. Lọ́dún 1984, àwọn ènìyàn mú olè kan wá sí ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n ní kí a tì í mọ́lé, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé mo jẹ̀bi. Bísí, bí mo bá ti kú, kùn ún ní mílíìkì.

Mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ bí mo ṣe rí ìyá wọn, nítorí bí ó ṣe ń sọ ọ́ kọ́ ló ṣe rí. Lọ́dún 1966, mo ń wá obìnrin tí a óò ya fọ́tò rẹ̀ fún àpò rẹ́kọ́ọ̀dù hailáìfù kan. Ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ kò wá. Bísí ló gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró sábẹ́ iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Kí oṣù tó parí, bàbá rẹ̀, tí í ṣe wòlíì ní Agége, rí eyín ọmọ rẹ̀ nínú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, lórí àpò orin tó ń yin ẹmu. Ó ránṣẹ́ pè mí. Mo kúnlẹ̀ fún odidi wákàtí kan. Ó ní kí n wá máa gbàdúrà nínú ìjọ fún ọjọ́ méje gbáko. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, kì í ṣe nítorí wòlíì ni mo ṣe ń lọ mọ́. Nínú irinwó àpò lé méjìlá tí mo yà, kò sí ojú tó dára tó ti Bísí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún un rí, nítorí ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ ọ̀dà ilé ni yóò fi dá mi lóhùn.

ÌKẸTA. Pẹ́pẹ́yẹ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo há wọn fún aládùúgbò mi, Teslim oníbúrẹ́dì. Ó ti tó ọdún méje tó ti ń pariwo pé wọ́n ń wọlé jẹ búrẹ́dì òun, tí mo sì ń sẹ́. Òótọ́ ló ń sọ. Mo ti fi ojú ara mi rí akọ tó fi ẹnu gbé odidi búrẹ́dì kan jáde bí ẹni gbé báàgì. Ní báyìí tí wọ́n ti di tirẹ̀, kí ó lọ máa fi ẹjọ́ ara rẹ̀ sun ara rẹ̀.

ÌKẸRIN. Ọkọ̀ ìjàpá mi, èyí tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan kò ṣeé ṣí, mo há a fún Olúṣínà. Olúṣínà, mo mọ̀ pé o ní ọkọ̀ tó dára jù ú lọ, àti pé ojú máa ń tì ọ́ bí mo bá gbé e wá sí ibi iṣẹ́ rẹ. Kí o gbà á bẹ́ẹ̀. Òun ló gbé ọ lọ sí ilé ìwosàn lọ́jọ́ tí ìgbóná fẹ́ gbé ọ lọ, kò sì dákú lọ́nà lọ́jọ́ yẹn, òun tó máa ń dákú lójoojúmọ́.

ÌKARÙN-ÚN. Tábìlì oníná mi, èyí tí mo fi dígí fèrèsé àti gílóòbù gígùn méjì kàn fúnra mi, gbogbo abẹ, rúlà irin, búrọ́ọ̀ṣì, ìgò ọ̀dà, àti ìyókù lẹ́tà alẹ̀mọ́ tí mo fi pamọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kó o wá láti Ìlú Òyìnbó, mo há wọn fún Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí. Àwọn àpò tí mo yà náà, tirẹ̀ ni, àyàfi èyí tí ojú ìyá rẹ̀ wà lára rẹ̀, ìyẹn ti Bísí ni.

Olúṣínà yóò sọ pé kí ni obìnrin fẹ́ fi irin àti abẹ ṣe, pé kọ̀ǹpútà ti dé. Òótọ́ ni. Kásẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ dé ná, wọ́n ní ohun tí mo ń yà sórí páálí tó fẹ̀ bí àtẹ, kí n máa yà á sórí ohun tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Ìjọba ológun kan lọ, òmíràn dé, àwo orin kò padà mọ́. Ṣùgbọ́n ojú Ọpẹ́ ni mo ń wò, kì í ṣe irin. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó dúró lẹ́yìn mi, tó wo olórin kan tí mo fi sí etí páálí, tó ní dádì, bàbá yìí fẹ́ já bọ́ o. Lóòótọ́ ni bàbá náà fẹ́ já bọ́. Mo sún un wọlé.

Ọpẹ́, òfin kan ṣoṣo ni mo ní, o sì ti gbọ́ ọ títí ó fi sú ọ: ojú gbọ́dọ̀ wo ẹnu àpò. Bí o bá gbé àpò rẹ́kọ́ọ̀dù sọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ wà ní ọ̀tún, níbi tí àwo ti ń jáde. Olórin tí ojú rẹ̀ bá kọ sí òsì, ara ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tí wọ́n bá wí tó kọjú sí ògiri. Èyí tó bá kọjú sí ọ̀tún ń wo orin ara rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Mo fi òfin yìí gba orúkọ ní Ìkẹjà. Òun náà ni mo fi ba ayé ẹnì kan jẹ́, ohun tó sì kàn nìyẹn.

ÌKẸFÀ. Kámẹ́rà ńlá tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn, èyí tó ga ju ènìyàn lọ, tí wọ́n fi ń ya fíìmù ìtẹ̀wé, mo há a fún Shuaib Àkànbí Ògúndélé, tó ń gbé ní Abúlé Ẹ̀gbá.

Bísí ti bi mí lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ni mo ra ẹ̀rọ yẹn fún lọ́dún 1991, tí mo fi aṣọ bò ó, tí mi ò sì fọwọ́ kàn án rí. N kò mọ̀ ọ́n lò. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé tí a ń lò ní Ìkẹjà kógbá sílé tí wọ́n ń lu irin wọn ní gbàǹjo, mo rí i pé kámẹ́rà tí Shuaib ń lò ni, mi ò sì lè fi í sílẹ̀ kí àwọn onírin àjákù wá gbé e lọ.

Shuaib jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Bí mo bá ti to fọ́tò àti lẹ́tà tán, òun ni yóò yà á sí fíìmù mẹ́rin, ti yẹ́lò, ti pupa, ti búlúù àti ti dúdú, kí ẹ̀rọ tó lè tẹ̀ ẹ́. Bí fíìmù kan bá yẹ̀ ní ìwọ̀n fọ́nrán irun, olórin yóò di ẹlẹ́tè mẹ́rin. Lọ́wọ́ Shuaib, kò sí olórin tó ní ju ètè méjì lọ. Ọdún mẹ́rìnlá ni a fi ṣiṣẹ́ pọ̀. Mò ń jẹ ẹran iléyá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì kérésì nílé mi. Bọ̀dá Fúnṣọ́ ló máa ń pè mí. Bí ó bá lọ kírun Jímọ̀, èmi ni mò ń bá a fi àwo bo oúnjẹ rẹ̀.

Lọ́dún 1988, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù ti wọ ara gbogbo wa. Bébà wọ́n, íǹkì wọ́n, fíìmù di góòlù, ilé iṣẹ́ sì ń já ènìyàn dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àlhájà Uswat Àbẹ̀kẹ́, olórin wákà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé, ó fẹ́ gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde. Fọ́tò tó mú wá dára púpọ̀. Òun ló dúró nínú aṣọ funfun, tó na tẹ̀sùbáà sí ìyá rẹ̀ tó jókòó lórí àga, ìyá náà sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì láti gbà á. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ojú Àlhájà kọ sí òsì. Mo tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ lé fọ́tò náà lórí, bí a ti ń ṣe é, mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí i pé kí ayafíìmù yí i sí òdìkejì, bí ẹni wo ara rẹ̀ nínú dígí. Mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

Nígbà tí Shuaib yà á tán, ó gbé e wá bá mi. Ó ní Bọ̀dá Fúnṣọ́, aago Àlhájà ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún o. Mo ní aago kì í kọrin. Ó tún ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní èmi ni mo ni wíwò, òun ló ni yíyà, kí ó lọ ṣe ohun tí mo kọ. Ó lọ ṣe é.

Bí aago bá bọ́ sí ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún náà ti bọ́ sí òsì nìyẹn. Èmi tí mo ń yangàn pé mo ní ojú, mo wo ìlà, mo wo àwọ̀, mo wo ibi tí lẹ́tà yóò jókòó sí, mi ò rí i pé ọmọ Yorùbá ló ń fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí ìyá tó bí i lọ́mọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá dán irú rẹ̀ wò, wọn óò gbá a lọ́wọ́.

Ẹgbàáta ni wọ́n tẹ̀. Páálí àkọ́kọ́ dé Agége láàárọ̀, kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, ó ti di ariwo. Wọ́n ní ẹ wo ọwọ́ òsì, sí ìyá tó bí i! Wọ́n ní bó bá jẹ́ ohun tó lọ kọ́ ní Mẹ́kà nìyẹn, ì bá jókòó sílé. Àwọn kan ní ìjà ìyá àtọmọ ni, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti gbọ́. Oníṣọ́ọ̀bù kan dá páálí mẹ́ta padà láti Abẹ́òkúta. Àlhájà wá sí ilé iṣẹ́ pẹ̀lú omijé, wọ́n sì ní ìyá rẹ̀ gbé àpò náà sún mọ́ ojú, ó ní ọwọ́ ọ̀tún lọmọ fi fún òun, òun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti sọ báyìí, òun náà kò mọ̀ mọ́.

Máníjà ilé iṣẹ́ pe èmi àti Shuaib. Ó bèèrè pé ta ló yí fọ́tò. Bébà fẹ́lẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ wà nínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi ní àkókò yẹn, mo ká a sí mẹ́rin. Èmi ni mo lọ yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní fíìmù rọrùn láti gbé ní òdì.

Ohun tí mo sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Shuaib wo ojú mi, ó ń dúró kí n parí ọ̀rọ̀ náà, mo sì ti parí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ọ̀yọ́ ni, kò jẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òpùrọ́ lójú àlejò, mo sì mọ̀ pé kò ní pè mí bẹ́ẹ̀. Mo gbé ara lé ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀. Wọ́n dá a dúró lọ́jọ́ náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gbogbo ilé ìtẹ̀wé ní Ìkẹjà ti ń pè é ní Shuaib Ọlọ́wọ́-òsì, kò sì sí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un mọ́. Ó kó lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, ibẹ̀ ló ti ń gé dígí, tó ń ki fọ́tò ìgbéyàwó sínú férémù.

Mo lè sọ pé owó ilé ìwé ló dẹ́rù bà mí, nítorí Olúṣínà wà ní Pólì nígbà náà. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe òun. Ìtìjú ni. Èmi tí wọ́n ń pè ní ojú Ìkẹjà kò lè dúró sọ pé mi ò ríran.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kù. Kò sí owó láti tẹ àpò mìíràn. Èmi ni mo dámọ̀ràn pé kí a tẹ bébà pupa róbótó kan, kí a kọ Ó DÉ! sí i, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọwọ́ Àlhájà. Kò sí ẹni tó gbọ́ ní Agége tí kò rà á, kí ó lè fi èékánná ṣí i wò. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà tà ju gbogbo èyí tí Àlhájà ti kọ lọ. Ilé iṣẹ́ yìn mí fún ọgbọ́n bébà pupa, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀bùn. Aago ògiri ni. Ó wà ní pálọ̀ títí di òní. N kò há a fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ sọ ọ́ nù.

Bébà fẹ́lẹ́ náà wà nínú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ tí mo so mọ́ ìhágún yìí, pẹ̀lú bírò pupa àti ìfọwọ́sí mi. Mo há òun náà fún Shuaib.

ÌKEJE. Ẹ̀yin tí yóò mú ìhágún yìí ṣẹ, kí ẹ tó pín ohunkóhun, láàárín ogójì ọjọ́ tí mo bá kú, kí ẹ gbé bébà náà lọ fún Shuaib ní Abúlé Ẹ̀gbá. Kí Olúṣínà sì dìde níbi ìpàdé àwọn atẹ̀wé ní Ìkẹjà, kí ó ka ìkẹfà sókè ketekete láìfò gbólóhùn kan, kí ó sì na bébà náà fún wọn kí wọ́n wò ó. Bí ẹ kò bá ṣe é, ilé di ti ìjọ. Olúṣínà, mo mọ̀ pé ojú yóò tì ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni ojú fi tì mí, mo ṣì ń jẹun.

ÌKẸJỌ. Ibi tí mo rò pé ìwé yìí parí sí ni òkè yìí. Mo fi í pamọ́ sábẹ́ Bíbélì ní ọjọ́ Àìkú, bí ẹni pé ibẹ̀ kọ́ ni ìyàwó tó jẹ́ ọmọ wòlíì máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí láṣàálẹ́. Bísí kà á tán. Kò mẹ́nu ba ọ̀dà ilé. Ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó ní láti Orílé Agége sí Abúlé Ẹ̀gbá, ṣé òkú nìkan ló lè rìn débẹ̀ ni. Láàárọ̀ òní, ó wé gèlè, ó jáde, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, òun àti Shuaib ló jọ wọlé.

Gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Abẹ tó fi ń gé dígí wà nínú àpò àyà rẹ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì di èjìká mi mú, ó ní Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn kún un. Ó jókòó, ó gba ìwé náà, ó kà á láti òkè. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó kan pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tó dé ìkẹfà, ó bọ́ jígí, ó nù ún, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo sunkún. Ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́ ló fà á, kí dókítà má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì mí. Ó ní òun kò tíì mọ̀, pé ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ní àmọ́ kí ni mo ń dúró de ikú fún, pé àwọn atẹ̀wé ní ìpàdé ní Ọjọ́bọ̀ yìí, kí n dìde níbẹ̀ kí n kà á fúnra mi. Mo ti gbà. Kíkà tí ìkeje pa láṣẹ dúró bó ṣe wà, bí mo bá kú kí ó tó di Ọjọ́bọ̀.

Agbẹjọ́rò Jimoh dé pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀, Ameenat, ó ní ẹlẹ́rìí méjì ni òfin fẹ́, pé ó ku ẹnì kan. Shuaib ní òun ni. Agbẹjọ́rò ṣàlàyé fún un pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìhágún gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kò lè gba ohunkóhun nínú rẹ̀, pé bó bá ti fọwọ́ sí i, kámẹ́rà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Shuaib bèèrè pé níbo ni wọn óò tọ́jú ìwé náà sí. Agbẹjọ́rò ní ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà. Ó tún bèèrè pé ṣé bébà kan náà tí ìkẹfà wà ni orúkọ òun yóò wà. Agbẹjọ́rò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n fún òun ní bírò.

Nítorí náà, mo yí ìkẹfà padà. Kámẹ́rà di ti Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí, Shuaib sì ti ṣèlérí pé òun yóò máa wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án, nítorí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ máa sùn lábẹ́ aṣọ. Bébà fẹ́lẹ́ kò sí nínú ohun tí mo há mọ́. Mo ti fi lé e lọ́wọ́ lónìí, nígbà tí mo ṣì wà láàyè, ó sì ti fi í sínú àpò àyà rẹ̀. Iṣẹ́ férémù ni Ameenat ti tẹ̀ sí iwájú orúkọ Shuaib. Shuaib fagi lé e, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òmíràn.

Mo fọwọ́ sí i ní Orílé Agége, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá, ọdún 1997, lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì, tí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú mi.

Olùhágún: Samuel Olúfúnṣọ́ Àlàó Ọláwọlé
Iṣẹ́: Ayàwòrán àpò rẹ́kọ́ọ̀dù

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ameenat Àdùkẹ́ Lawal
Iṣẹ́: Akọ̀wé agbẹjọ́rò, Agége

Ẹlẹ́rìí kejì: Shuaib Àkànbí Ògúndélé
Iṣẹ́: Ayafíìmù, Ìkẹjà